Àwọ̀ Aró Tó Wà Lójú Egbò Mi

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú báńdéèjì yín, tí ẹ rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, tí kì í sì í ṣe ọyún funfun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, bí kò ṣe omi aláwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ aró, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lójú egbò tèmi nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ ní Ẹdẹ, kí àwọn òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀. Mo yè é. Ẹ̀yin náà lè yè é. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín pé ayọ̀ ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ìyá mi kò yè é, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ló ń ṣàìsàn.

Aláró ni ìyá mi. Ìkòkò aró ló kún ẹ̀yìn ilé wa, ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú láti èékánná dé ọrùn ọwọ́, nítorí pé ó ti ń ti aṣọ bọ inú aró láti ìgbà ọmọdé. Kò sí ọṣẹ tó lè bó o. Owó aró yẹn ló fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Mo fẹ́ ọkùnrin tó jẹ́ olùkọ́ bí èmi náà. Ìwé tí mo kà ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, èmi sì ni Ìyàwó Tíṣà. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Ìyá Bísí, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, Ìyá Bísí bẹ ìyá mi pé kó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò.

Ìyá mi ní, “Ìyá Bísí, ṣé fọ́tò náà máa bá mi jẹun ni?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Bísí kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń po sítáàṣì tí mo fẹ́ fi sí ṣòkòtò kúkurú tí Tíṣà ń wọ̀ lọ sí ilé ìwé. Ẹsẹ̀ kan lára ààrò yẹ̀, ìkòkò dojú dé, sítáàṣì gbígbóná sì dà sí mi lẹ́sẹ̀ òsì láti orúnkún dé ọmọ ìka. Ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára á gbọ̀n ọ́n dànù. Sítáàṣì kì í gbọ̀n dànù. Ó lẹ̀ mọ́ mi bí àtè, nígbà tí mo sì fi ìró nù ún, awọ ẹsẹ̀ mi bá ìró lọ.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ dé. Ó da omi tútù sí i, ó fi aṣọ mímọ́ bò ó, ó ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù. Ìyá Bísí dé lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ilé àdúrà ló yẹ kí á kọ́kọ́ lọ. Àwọn àbúrò bàbá Tíṣà ní kí á fi ẹyin àti àdín pa á. Wọ́n ń jiyàn lórí mi bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà kì í ṣe tẹnì kankan. Ìyá mi ló ké pé, “Ẹ gbé ọmọ mi nílẹ̀!” kí wọ́n tó wá ọkọ̀.

Ọsibítù náà kò sí mọ́, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn aláìsàn tò láti ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi yí igi máńgòrò po. Wọ́n tẹ́ mi sórí ẹní nínú oòrùn. Obìnrin kan tó pọn ọmọ tó ń wúkọ́ wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí tibí yìí kọjá síwájú.” Ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ dáhùn pé, “Àwa wá ṣeré níbí ni?” Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó pè mí.

Ní wọ́ọ̀dù, abọ́ tánganran kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń fọ egbò gbogbo wa. Nọ́ọ̀sì á gbé e láti bẹ́ẹ̀dì kan sí òmíràn, á ti òwú bọ inú omi oògùn tó wà níbẹ̀, á fọ tẹni yìí, á sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Omi náà ń rùn bí oògùn, nítorí náà gbogbo wa gbà pé ó mọ́. Wọ́n ń gún mi ní abẹ́rẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, tí wọ́n ní kò sí egbò tí kì í wò. Ìdá tó pọ̀ nínú owó oṣù Tíṣà ló ń bá abẹ́rẹ́ yẹn lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

Tó bá di ìgbà tí wọ́n ń jẹ́ kí ará ilé wọlé, Ìyá Bísí á dé pẹ̀lú ìgò omi. Alága ẹgbẹ́ obìnrin ni o, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ́ lọ sí ilé àdúrà kan létí odò, ibẹ̀ ló ti ń pọn omi náà.

“Ìyàwó, dijú,” ni á wí. Á tú etí báńdéèjì, á wọ́n omi síbẹ̀.

Bí mo bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Bísí, dókítà ní kó máa gbẹ,” á ní, “Dókítà ló dá ọ ni?”

Tíṣà á kọjú sí fèrèsé, á máa wo igi máńgòrò.

Àmì tí mo kọ́kọ́ rí kì í ṣe ìrora. Òórùn ni. Egbò tó ń rà máa ń rùn bí ẹran tó bàjẹ́, gbogbo wa mọ ìyẹn. Tèmi ń rùn dídùn, bí èso tó ti pọ́n kọjá ààlà. Lórí bẹ́ẹ̀dì tó kàn mí, Mùsùlùmí àgbàlagbà kan tó ń ta aṣọ ní Ìwó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n la eéwo ńlá kan fún un lẹ́yìn. Ìyá Ìwó ni a ń pè é. Ó gbé imú sókè, ó ní, “Ìyàwó Tíṣà, ta ló fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́npọ́n pamọ́ sí ìdí ẹ? Mú u wá jàre, ebi ń pa mí.” Mo rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Mo rò pé òórùn dídùn túmọ̀ sí pé egbò náà ń jiná. Ẹ má ṣe irú àṣìṣe yẹn.

Lẹ́yìn òórùn ni omi. Báńdéèjì tí wọ́n bá dì láàárọ̀ á ti rin gbingbin ní ọ̀sán. Lẹ́yìn omi ni ibà, tó ń gbọ̀n mí títí irin bẹ́ẹ̀dì fi ń dún. Àwọ̀ náà ló gbẹ̀yìn dé.

Ìyá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ rí i. Olórí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù wa, tí a ń pè ní Sísítà, ọmọ Yorùbá tó lọ kọ́ṣẹ́ ní ìlú òyìnbó, fúnra rẹ̀ ló tú báńdéèjì. Bí ó ti ń ṣí i ni àwọ̀ ewé ń jáde, létí báńdéèjì ó ti ṣú bí aró tòótọ́. Sísítà wò ó. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì balẹ̀ sórí ọwọ́ méjèèjì tí ìyá mi gbé lé irin bẹ́ẹ̀dì.

“Ìwọ ìyá yìí, kí lo dà sójú egbò yìí?”

Kò sẹ́ni tó ń pe ìyá mi ní ìwọ ní Ẹdẹ, àfi àwọn tó jù ú lọ. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

“Èmi kẹ̀? N kò da nǹkan kan síbẹ̀.”

“Wo ọwọ́ rẹ! Wo báńdéèjì! Àbí o rò pé mo fọ́jú ni?”

“Ẹ dákun, Nọ́ọ̀sì. Aṣọ ni mo ń pa láró, n kì í pa ẹsẹ̀ ọmọ mi láró.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín ní wọ́ọ̀dù. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, nítorí Sísítà rò pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ó bi Tíṣà àti Ìyá Bísí tí wọ́n jọ dúró síbẹ̀ bóyá ẹnì kan rí ohun tí ìyá yìí ṣe. Ìyá Bísí jáde síwájú.

“Mo rí i,” ni ó wí. “Lánàá. Ó gbé ìkòkò kékeré kan pamọ́ sábẹ́ ìró. Mo ṣe bí ọbẹ̀ ni.”

Ọbẹ̀ ni. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ìyá Bísí náà bá mi jẹ nínú ẹran rẹ̀, ó tún ní iyọ̀ rẹ̀ kò dé ojú ẹ̀.

Mo sọ èyí ní Yorùbá, mo tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Sísítà ní ibà ló ń sọ ọ́. Mo wo Tíṣà. Ó mọ ìkòkò náà, òun ló gbé e padà sílé. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí á fi sùúrù ṣe é. Ìyá, ẹ kọ́kọ́ máa lọ sílé ná.” Ná yẹn kò dópin. Wọ́n pàṣẹ pé ìyá mi kò gbọdọ̀ wọ ọgbà ọsibítù mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé á bi mí pé, nígbà tí ìyá kò wá mọ́, tí àwọ̀ náà sì ń jáde lójoojúmọ́, ṣé wọn kò rí i pé kì í ṣe òun? Wọn kò rí i. Wọ́n ní ó ń rán obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọlé, wọ́n sì lé obìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní aró náà ti wọ inú ẹran, pé fífọ ló kù. Wọ́n wá ń fọ mí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú abọ́ tánganran yẹn, pẹ̀lú omi yẹn. Ìyá Bísí kò dẹ́kun ìgò tirẹ̀.

Ìyá mi ń wá dúró lẹ́yìn ọgbà. Ìyá Ìwó, tó lè dìde nígbà náà, ló ń lọ sí ojú fèrèsé bá mi wò ó.

“Ìyá rẹ wà níta. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ti ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn fọ ọwọ́ òun. Ó ní tó bá ti funfun, wọ́n á jẹ́ kí òun wọlé.”

“Ṣé ó ń funfun?”

Ìyá Ìwó tún yọ orí síta wò ó. “Ó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni báńdéèjì Ìyá Ìwó fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀. Obìnrin yìí kò ní ẹbí kan tó ń ṣe aró, ará ilé rẹ̀ kì í sì í tètè rí ọkọ̀ wá láti Ìwó. Sísítà ní, “Ṣé aláró ti dé ọ̀dọ̀ tìrẹ náà ni?”

“Ó dé,” ni Ìyá Ìwó wí. “Ó ní tiyín ń bọ̀ lọ́nà.”

Ìyẹn ni àwàdà tó ṣe kẹ́yìn. Ibà gbé e ṣánlẹ̀. Àmì dúdú kan yọ ní itan rẹ̀, bí ibi tí wọ́n fi ẹ̀yinná jó, òrùka pupa yí i ká. Òmíràn yọ, òmíràn yọ. Ó ń bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀ lójú ọ̀sán, ó ń júwe ọ̀nà ilé fún un. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ kí ìrun Jímọ̀ tó kàn, wọ́n sì tẹ́ aṣọ mìíràn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àmì dúdú náà yọ ní itan tèmi. Mo bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni tó jalè. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i, dókítà ibẹ̀ sì ní àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún, pé aró ti wọ eegun. Tíṣà gbà. Ìyá Bísí ní, “Ìyàwó, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Iṣẹ́ olùkọ́, orí àga náà ni wọ́n kúkú ń jókòó ṣe é.” N kò jókòó kọ́ni rí láyé mi.

Ohun tó gba ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ ni pé dókítà àgbàlagbà kan, òyìnbó tó ń ti ilé ìwòsàn ńlá kan wá yẹ wọ́ọ̀dù wa wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, dé kó tó di ọjọ́ tí wọ́n dá. Ó gbé báńdéèjì mi sí imú. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Sísítà ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn aláró fún un ní Gẹ̀ẹ́sì.

Mo gbé orí sókè, mo dá sí i. Mo ní, “Ẹni tó sùn síbí yìí kú pẹ̀lú àwọ̀ yìí kan náà lójú egbò rẹ̀. Kò ní ìyá aláró.”

Ó yíjú sí mi. Ó bi mí, “Ta ló fọ egbò rẹ̀?”

“Àwọn tó ń fọ tèmi.”

“Kí ni wọ́n fi fọ̀ ọ́?”

Mo nawọ́ sí abọ́ tánganran náà. Ó bu omi inú rẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó gba ọyún ẹsẹ̀ mi sínú òmíràn, ó sì ní kí wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ òun.

Ní ilé ìwòsàn ńlá yẹn ni ó ti gbé àwo gíláàsì méjì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ti fi ọyún mi sínú ọ̀kan, wọ́n fi omi abọ́ sínú èkejì, pẹ̀lú ohun tí kòkòrò máa ń jẹ. Méjèèjì ti di àwọ̀ ewé. Ó ní kòkòrò àìfojúrí kan ló ń ṣe é, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń pa aró tirẹ̀. Ó fẹ́ràn ibi tó tutù tó sì lómi: abọ́, kànrìnkàn, ìgò omi tó ti pẹ́ nílẹ̀, àní omi oògùn tí wọ́n bá bu omi là jù pàápàá. Ẹni tí ara rẹ̀ le, ó lè máà ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tí iná jó, tí egbò rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tàbí tí àìsàn mìíràn ti gba agbára lára rẹ̀, ni ó ń wọlé sí lára. Abẹ́rẹ́ tó gbowó lọ́wọ́ Tíṣà kò lè ṣe é ní ohunkóhun. Bóyá inú abọ́ ni tèmi ti wá, bóyá inú ìgò Ìyá Bísí, n kò lè búra. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí kò ti wá.

Tíṣà wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n sọ lójú rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, “Lọ sọ fún ìyá mi. Kì í ṣe ọ̀la o.”

“Màá sọ fún wọn.”

Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ mìíràn tí wọ́n ní ó wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ń fi omi kan tó kan bí ọtí kíkan rẹ egbò náà, ó ń ta mí bí ata, wọ́n á sì ṣí i sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Abọ́ tèmi wà lọ́tọ̀. Wọ́n gé ọmọ ìka méjì, wọ́n dá ẹsẹ̀ sí. Ó gba oṣù púpọ̀. Ìgbàkígbà tí Tíṣà bá wá, mo ń bi í bóyá ó ti sọ fún ìyá mi. Á ní ara wọn kò yá díẹ̀, á ní òun ń wá àsìkò tó wọ̀. Mo bi í ìdí tí ìyá mi kò fi wá. Ó ní ọ̀nà jìn.

Ní ọjọ́ tí mo padà sí Ẹdẹ pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá, agbo ilé wa ni mo ní kí ọkọ̀ gbé mi lọ tààrà. Ìkòkò aró ti gbẹ, eérú inú wọn ti sán. Ìyàwó àbúrò ìyá mi, tí wọ́n jọ ń ṣe aró, ló jáde wá. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó ń sunkún. Ìyá mi ti kú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Tíṣà ti wá sí ìsìnkú.

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n sọ kí wọ́n tó lọ?” ni mo bi í.

“Wọ́n ní nígbà tí iná jó ẹ, àwọn fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ kí àwọn tó fi aṣọ bò ó. Wọ́n ní bóyá aró wà létí èékánná àwọn nígbà yẹn. Wọn kò pa aṣọ láró mọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n ní tí àwọn bá kú, kí a fi aṣọ funfun wé ọwọ́ àwọn, kí ìwọ má bàa rí i.”

Wọ́n sì wé e.

Mo bi Tíṣà lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ìdí tí kò fi sọ ọ́. Ó ní ojú ń ti òun, pé ìtìjú náà á kan Ìyá Bísí. Ìyá Bísí ní, “Ta ló mọ̀ nígbà yẹn? Ohun tí ojú gbogbo wa rí ni mo sọ.”

Mo ní, “Ẹ jẹ nínú ẹran ọbẹ̀ yẹn.”

Ó dìde, ó kó gèlè rẹ̀, ó lọ. Èmi àti Tíṣà gbé pọ̀ títí ó fi kú, a bímọ, a kọ́lé, n kò sì pe orúkọ ọkọ mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn, Tíṣà ni mo ń pè é bí ará àdúgbò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá: bí egbò yín bá ń rùn dídùn, tó ń rin báńdéèjì, tí àwọ̀ rẹ̀ yí sí ewé, tí ibà ń gbọ̀n yín, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó ké sí dókítà. Bí àmì dúdú bá yọ lára, ẹ má bò ó bí mo ti ṣe. Ẹ ní kí wọ́n mú ọyún náà lọ yẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ oògùn tó ń ràn án. Ẹ kọ abọ́ àjùmọ̀lò. Ẹ kọ omi ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ omi àdúrà. Oògùn tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ wà lónìí, kò sì yẹ kí ẹ pàdánù ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ ní kí wọ́n wádìí ná.

Ẹsẹ̀ mi wà. Ó máa ń sán tí ọyẹ́ bá dé, mo sì ń fi òrí pa á. Awọ ibẹ̀ ń dán bí ike. N kì í lè kọjá níbi tí wọ́n ń ta èso ní oríta Sẹ́kọ́nà láìfi aṣọ bo imú, àwọn ọmọ mi sì ti mọ̀ pé wọn kì í fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́npọ́n sílẹ̀ nínú ilé mi. Nígbà mìíràn, lójú ọ̀sán gan-an, mo máa ń rí ẹnì kan tó dúró lẹ́yìn ọgbà, tí kò wọlé. Mo máa ń ní kó wọlé.

Ìyá Bísí ṣì wà láàyè, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, kò lè dìde mọ́. Bí ọdún bá ti yí po, ó ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá kí òun kó tó pẹ́ jù, pé ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ bá mi sọ. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Mò ń rìn dáadáa, mo lè fi ẹsẹ̀ mi débẹ̀ láìdi ọ̀pá mú. N kò lọ.